Wáyà Ẹja Lábẹ́ Pákó Ọkọ̀

Òjò kò tíì rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti wú bí ojú ẹni tó sunkún sùn. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí oòrùn kò ti yọjú sí wa ní Àgbádárìgì. Gbogbo nǹkan ló rin. Ìrọ̀rí rin, iyọ̀ inú agolo di omi, àgbàlá ń yọ̀ bí ẹni pé wọ́n da ilá sí i. Láti ẹ̀yìnkùlé tí mo jókòó sí ni mo ti ń gbọ́ òkun ní òdìkejì ọ̀sà. Kì í ṣe gbogbo òwúrọ̀ la ń gbọ́ ọ nílé wa. Bó bá ti ń dún bẹ́ẹ̀, inú ń bí i ni, apẹja tí orí rẹ̀ bá pé kò ní ti ọkọ̀ sí i.

Nítorí náà kò sí ẹja. Ààrò ìyanja mi ti tutù láti ọjọ́ mẹ́rin, eérú inú rẹ̀ ti di ẹrọ̀fọ̀. Obìnrin tó ti ń yan ẹja láti ìgbà ọmọge, tó wá jókòó kalẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe, kò sí ohun tí kò lè tojú bọ̀. Bí mo ṣe tojú bọ iṣẹ́ ọmọ-ọmọ mi lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ká ní ẹja wà ni, ẹ̀yìn ààrò ni ǹ bá wà, wọn ì bá sì ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

Ọmọ tí ọmọ mi obìnrin fi sílẹ̀ lọ ni ọmọ-ọmọ mi yìí. Èmi ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì ti dàgbà báyìí débi pé òun ló ń bọ́ mi. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ní Morogbo ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní lésà. Nígbà tó gba fírídọ̀ọ̀mù tán, ó ra ẹ̀rọ àlòkù kan, ó gbé e sí yàrá iwájú ilé mi, níbi tí mo ti ń ta iyọ̀ àti ṣúgà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní ìdérí bíi ti fírísà, ó sì ní gíláàsì lójú tí èèyàn lè gbà wo inú rẹ̀. Iná kan wà nínú rẹ̀ tó tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ. Ojú ò rí i, àmọ́ ó ń gé igi bí ìgbà tí ọ̀bẹ ń gé ẹ̀kọ. Orúkọ ilé, àmì ẹ̀yẹ ṣọ́ọ̀ṣì, pátákó tí àwọn Mùsùlùmí ń kọ Bísímílà sí, gbogbo rẹ̀ ló ń gé.

Mi ò kàwé kọjá puráímárì mẹ́rin, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń fi ọwọ́ ṣe máa ń tètè yé mi. Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ yé mi ni pé igi kò gbọdọ̀ sùn gbalaja lé ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Irin oníhò-hò bí afárá oyin ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Bí iná bá gé igi já, iná ò mọ̀ pé òun ti ṣe tán. Á lu irin náà, á ta padà, á sì fi àpá rúsúrúsú sí ẹ̀yìn igi. Èéfín náà kò ní ríbi gbà jáde, á há sábẹ́ igi, á sọ ọ́ di dúdú. Nítorí náà ọmọ-ọmọ mi máa ń gbé igi sókè díẹ̀. Ó gbá ìṣó já pákó kan, ó jẹ́ kí ẹnu wọn ṣóńṣó kọjú sókè, orí wọn ló ń gbé ohun tó bá fẹ́ gé lé. Ẹnu ìṣó kéré, iná ò rí nǹkan gidi lù níbẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ igi kọjá.

"Bíi ti ẹja ni," mo sọ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. "Ẹja tó bá dùbúlẹ̀ sínú ààrò, jíjóná ló ń jóná, kì í yan."

"Màmá, gbogbo nǹkan lẹ máa ń fi wé ẹja."

"Kí ni kí n fi wé? Ẹja ló rán ìyá rẹ níléèwé."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, èèyàn méjì sọdá wá bá wa láti abúlé kan tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ó wọ dúdú, ó sì gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan tó fi ìró wé mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Èkejì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó ń bá wọn kó ẹrù ní ẹnubodè Seme. Mo mọ̀ wọ́n lójú, mo ti ra ẹja lábúlé wọn rí. Mo kí wọn kú ará fẹ́ra kù, nítorí gbogbo etí ọ̀sà ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni ọkọ obìnrin yìí ti ọkọ̀ sí òkun, kò padà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òkun gbé ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ jù sí etí omi níbi tó jìnnà sí wọn. Kí ìròyìn tó kàn wọ́n nílé, àwọn tó wà níbẹ̀ ti la ọkọ̀ náà ṣe igi ìdáná. Wọn kò mọ ẹni tó ni ín. Pákó kan ṣoṣo ni obìnrin náà rí gbà padà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá òkú títí, wọn ò rí i. Ìdílé wá fẹnu kò pé pákó náà làwọn máa rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá rẹ̀ nínú àgbàlá, kí ìdajì rẹ̀ wà lókè, kí àwọn ọmọ lè ní ibi tí wọ́n máa dúró sí bí wọ́n bá fẹ́ pe bàbá wọn. Ọ̀túnla ni wọ́n fi í sí. Wọ́n fẹ́ kí a gé orúkọ rẹ̀ sára pákó náà kó là á já. Obìnrin náà ní òjò lè fọ ọ̀dà lọ, àmọ́ òjò ò lè fọ ihò lọ.

Ó tú ìró náà. Pákó ọ̀hún gùn tó apá mi, ó sì fẹ̀ tó ọwọ́ méjì tí a tò pọ̀. Káfíńtà ti fá ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́, ó funfun, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan iwájú. Ọ̀dà búlúù ló wà níwájú, ọ̀dà tí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi kun ọkọ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. A rí ojú ibi tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbà. Nítorí pé ìhà ọkọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, ó tẹ̀, ó dà bí ẹ̀yìn igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ó máa mọ́, àbí?" obìnrin náà bi ọmọ-ọmọ mi. "Tiwájú tẹ̀yìn? Mo rí èyí tí ẹ gé fún ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbalata, ó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí tiẹ̀ rí. Òun nìkan ló kù tí mo ní."

"Ó máa mọ́, mà," ọmọ-ọmọ mi dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti ń yí ẹ̀rọ náà ká, ó ń wò ó. "Ọmọ, inú fírísà yìí náà ni iná wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ayé dé! A wá ń tọ́jú iná síbi tí àwọn èèyàn ń tọ́jú yìnyín. Ìgbà wo ló máa tán? Ọ̀sà ò ní dúró dè wá o. Wo ojú ọ̀run."

Ọmọ-ọmọ mi gbé pákó náà lé orí ìṣó rẹ̀. Etí méjèèjì nìkan ló kan ìṣó, àárín rẹ̀ yọ sókè, kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń mì. Ó ní bí òun bá gé e bẹ́ẹ̀, bí orúkọ náà bá ti ń ṣí, àárín pákó á máa rọ̀ wálẹ̀, iná ò sì ní bá a níbi tó yẹ mọ́. Dípò kó gé e, á máa jó o. Ó ní òun máa to ìṣó mìíràn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí tàárín ga, kí tẹ̀gbẹ́ kúrú, kí gbogbo ara rẹ̀ lè rí nǹkan fi ìdí lé.

"Wákàtí mélòó nìyẹn?" ọkùnrin náà béèrè.

"Á tó méjì, bàbá. Bóyá kó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Wákàtí méjì, kí ìṣó lè dìde dúró?" Ó pòṣé. "Ẹni tó kan ọkọ̀ náà gan-an, mi ò rò pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí pákó kan."

Ibẹ̀ ni mo ti tojú bọ̀ ọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná mànàmáná wá ni, a kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ. Obìnrin tó wọ dúdú náà wà lórí ìdúró, ó kọ̀ kò jókòó, ojú rẹ̀ ò kúrò lára pákó rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ dára yín lágara. Wáyà ẹja mi wà lẹ́yìnkùlé."

Wáyà tí mò ń sọ yìí, òun la ń tẹ́ sí ẹnu ààrò kí a tó to ẹja lé e. Okùn irin tó tín-ín-rín ni wọ́n fi hun ún, ihò rẹ̀ fẹ̀, èèyàn sì lè fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́ sí bó ṣe fẹ́. Tèmi yìí ti lé lọ́dún mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Àwa tí a ń yan ẹja, a kì í fọ wáyà títí kó fi funfun. Wáyà tuntun máa ń bó ẹja láwọ; ìgbà tó bá mu ọ̀rá yó ni ẹja tó máa ń ṣí lára rẹ̀ wẹ́rẹ́. Nítorí náà, bí a bá ṣiṣẹ́ tán, a ó fi yanrìn àti eérú ha á, a ó da omi gbígbóná lé e, ohun tó bá máa bọ́ á bọ́, èyí tó bá kù á dúdú, á máa dán. Ìyẹn la mọ̀ sí mímọ́. Bí ìyàwó kan bá lọ fọ wáyà ìyá ọkọ rẹ̀ funfun, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo.

Mo gbé e wá. Ọmọ-ọmọ mi gbà á, ó fi ìka pa á, ó wo ìka rẹ̀. Nǹkan kan ò lẹ̀ mọ́ ọn.

"Màmá, ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́."

"Kò sí ọ̀rá lára rẹ̀ rárá?"

"Ọmọ yìí, èmi lo ń bi bóyá wáyà mi mọ́?"

Kò tún bi mí mọ́. Mo ní ó mọ́ nítorí pé lójú tèmi, ó mọ́.

Síbẹ̀ náà, ọmọ-ọmọ mi ò kàn gbójú lé e bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ mú àjákù pákó pẹlẹbẹ kan, ó gbé e lé orí wáyà náà nínú ẹ̀rọ, ó gé ihò róbótó kékeré kan lára rẹ̀. Kò pẹ́ tó kí èèyàn ka ení dé ogún. Nígbà tó yọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, kò sí àpá kankan.

"Ẹ ò rí i!" ẹ̀gbọ́n ọkọ kígbe. "Ọgbọ́n àgbà! Ìṣó ló ń bá kiri, ìyá rẹ̀ àgbà ti ní ìdáhùn sẹ́yìnkùlé."

Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ti wọ ilé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tí mo mọ̀ máa wúlò fún un.

A wá tẹ wáyà náà kó lè tẹ̀lé bí pákó ṣe tẹ̀, a sì tì í bọ abẹ́ rẹ̀. Ó bá a mu bí ìgbà tí ọwọ́ bá gbá ẹ̀yìn ọmọ jòjòló mú. Pákó náà ò mì mọ́. Lẹ́tà mẹ́fà ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò fẹ́ wò ó bí iná ṣe ń gé e, ó jáde lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lábẹ́ ìgbátí ilé. Ọmọ-ọmọ mi dé ìdérí, ó tẹ bọ́tìnnì.

Igi líle ni igi ọkọ̀. Ohun tí àjákù pákó fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣe, ó gba èyí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Orí ẹ̀rọ ń rìn bí ìgbín, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lójú kan náà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣí. Èkejì ṣí. Mo fi ojú mọ́ gíláàsì, mò ń wò ó. Ìgbà tó dé ẹ̀kẹta ni mo rí i tí èéfín yí àwọ̀ padà. Èéfín igi fẹ́lẹ́. Èyí ki, ó ní pípọ́n díẹ̀, bí èyí tó máa ń jáde lára ààrò mi nígbà tí ọ̀rá ẹja bá kán sínú iná. Mo ti mọ ohun tó jẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ni ò tètè ṣí. Kí n tó wí nǹkan kan, ahọ́n iná ti yọ láti inú ihò lẹ́tà, ó ń lá ọ̀dà búlúù náà.

Ọmọ-ọmọ mi gbá bọ́tìnnì pupa, ó ṣí ìdérí, ó fi aṣọ tútù bò ó mọ́lẹ̀. Iná kú lójú ẹsẹ̀. Òórùn ni kò kú. Òórùn ẹja yíyan gba yàrá kan, ó gba ojú fèrèsé jáde.

Obìnrin náà wọlé láti ìta. Ègùn ló fi sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn: "Ta ló ń yan ẹja?"

Ọmọ-ọmọ mi ká aṣọ tútù náà kúrò. Ẹ̀yìn pákó tó funfun tẹ́lẹ̀ ti dúdú, ó ń dán, ojú wáyà tò sára rẹ̀ bí ilà. Níwájú, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ti jóná létí, ẹnu ẹ̀kẹta ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀dà búlúù tó wà láyìíká wọn ti lé ròrò, bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Obìnrin náà fi ìka kan ibẹ̀, ọ̀dà bá ìka rẹ̀ bọ́.

"Ó ti bó," ló wí. Kò sunkún. Ó ń wo èérún ọ̀dà náà lórí ìka rẹ̀, kò mọ ibi tí ó máa fi í sí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló figbe bọnu. Ó ti gbọ́ òórùn náà, àmọ́ ó rò pé ara pákó ló ti ń jáde. "Ọkọ̀ apẹja ni! Ó ti mu omi ẹja láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án! Ṣé o ò mọ̀ pé ọ̀rá á wà lára rẹ̀ ni? Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Òkun gbé èyí tó lẹ́mìí, ìwọ wá dáná sun èyí tó kù!"

"Ẹ má bínú, bàbá," ọmọ-ọmọ mi wí. Ó ti kúnlẹ̀. "Èmi ni mi ò wò ó dáadáa."

Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé ó fi ojú bú mi. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá iná ta sí mi lára. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fa wáyà náà yọ kúrò nínú ẹ̀rọ, ó ká a mọ́ inú aṣọ tútù kí wọ́n má baà rí ọ̀rá tó ń kán lára rẹ̀, ó sì gbé e sí ìdí ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà ò ju gbólóhùn kan lọ: wáyà mi ni. Ó wà lẹ́nu mi. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ, kò sí ọkùnrin tó lè fi ariwo dẹ́rù bà mí. Ojú ló tì mí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí ní ọlọ́gbọ́n ló dúró níbẹ̀ yẹn. Mo sọ nínú ara mi pé kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀, mo máa sọ ọ́. Inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, mo ní kí iṣẹ́ náà parí ná. Bí èèyàn ṣe ń bomi sẹ́nu nìyẹn, bó bá ti bù ú sẹ́nu tán, kò rọrùn láti tu ú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní kí wọ́n lọ wá pákó mìíràn lọ́dọ̀ onípákó, kí wọ́n kùn ún ní búlúù, ta ni yóò mọ̀? Obìnrin náà ní òun máa mọ̀. Ó ní kí ọmọ-ọmọ mi gé èyí tó kù lára orúkọ náà, bó bá lè gé e kó mọ́.

Ọmọ-ọmọ mi jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí to ìṣó. Ó gbé pákó náà lé e, ó wo ibi tí àyè wà, ó gbé e kúrò, ó fi òòlù gbá ìṣó kan wọlé díẹ̀, ó tún gbé e lé e. Wọ́n mú iná lọ. Ó jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀, ó padà wá jókòó síbi tó dìde. Obìnrin náà kò tún jáde síta mọ́; ó dúró ti ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà náà bí ẹni tó dúró ti ibùsùn aláìsàn. Ó ti lé ní wákàtí méjì kí ìṣó tó pé, kí pákó náà tó dúró láìmì. Ó wá gé lẹ́tà mẹ́ta tó kù. Wọ́n mọ́. Etí wọn gún régé, ẹ̀yìn wọn ò ní àpá kan, àfi dúdú ti àkọ́kọ́ tó ti wà níbẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ bo ìdajì orúkọ náà, kò sẹ́ni tí kò ní sọ pé iṣẹ́ tó dára ni.

Wọ́n fi ìró wé e, wọ́n fẹ́ máa lọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yíjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ dàgbà níbí. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó padà síbi tó ti kọ́ṣẹ́, kó lọ kọ́ èyí tó kù."

Mo ní, "Màá sọ fún un."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ọmọ-ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ ọ. Ó wọlé, ó gbé wáyà náà láti ìdí ògiri, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi í kọ́ síbi tó máa ń wà. "Màmá, wáyà yín wà níbẹ̀ o," ló wí. Mo ní ó ṣeun. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun ti yó.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ò dá. Mo fi aṣọ wé ìgò kan, mo fọ́ ọ, mo ṣa àfọ́kù mẹ́ta tó mú jáde. Bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń fi ìgò fífọ́ ha àjẹ̀ ọkọ̀ kó lè dán, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo dì wọ́n, mo fi wọ́n sínú àpò, mo da láílọ́ọ̀nù borí nítorí òjò, mo lọ sétí ọ̀sà. Ọlọ́kọ̀ tó gbé mi sọdá ní kí ni màmá àgbà ń wá nínú irú òjò yìí. Mo ní ẹnì kan ni mo fẹ́ rí.

Mo bá wọn lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe nínú àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ jókòó lórí àga, obìnrin náà wà nílẹ̀ lórí ẹní, pákó náà wà lórí itan rẹ̀. Ó ń fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀bẹ ò sì ràn án. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi wá.

"Wáyà mi ni," mo wí. "Kì í ṣe pákó, kì í sì í ṣe ọmọ yẹn. Ọ̀rá ẹja ọdún mẹ́wàá ló wà lára wáyà mi, òun ló gbiná. Ó bi mí bóyá ó mọ́, èmi ni mo ní ó mọ́."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ fà síwájú lórí àga. "Mo bú ọmọ yẹn lójú yín, Màmá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó kúnlẹ̀, ẹ ń wò ó."

"Mò ń wò ó."

"Ẹ tún ní ẹ máa sọ fún un kó lọ kọ́ṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

Ó mi orí. "Ẹ bá mi sọ fún un kó má bínú."

"Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wá sọ ọ́ fún un," mo dá a lóhùn. "Tèmi wà lọ́rùn mi tí n kò tíì sọ."

Ó dìde, ó fi àpò bo orí, ó wọ inú òjò lọ síbi tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́.

Obìnrin náà kò gbójú sókè látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ó ku àwa méjì ló tó wí pé, "Mo mọ̀ láti àná, Ìyá. Èmi náà ń yan ẹja. Òórùn ọ̀rá tó ti pẹ́ yàtọ̀ sí òórùn pákó. Mò ń retí kí ẹ sọ ọ́."

"Kí ló dé tí ìwọ ò sọ ọ́?"

"Ẹ̀yin làgbà."

Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tú àfọ́kù ìgò, mo fún un ní ọ̀kan. Mo fi bí a ṣe ń dì í mú hàn án, kó má baà gé e lọ́wọ́, kó máa fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó má tì í. Ó ní kí n má fọwọ́ kan iwájú. Bí ọ̀dà náà ṣe kù yẹn ni kó wà. Ẹ̀yìn nìkan la ha. Àwọn ọmọ rẹ̀ jáde wá wò wá, wọ́n tún wọlé. Dúdú náà kọ́kọ́ ń bọ́ bí èédú, lẹ́yìn náà igi bẹ̀rẹ̀ sí yọ, rúsúrúsú, kì í ṣe funfun. Ọ̀rá ti wọ̀ ọ́ lára. Ojú wáyà méjì tàbí mẹ́ta ò lọ rárá, bí a bá tẹ̀ síwájú, pákó náà máa lu. Obìnrin náà gbé e sí imú, ó gbé e kúrò.

"Ó ṣì ń rùn," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

A tún ha á díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó gbé àfọ́kù ìgò rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé tèmi náà sílẹ̀. Ó gbá pákó náà mọ́ra, ó fẹ̀yìn ti òpó. Mo fi ọwọ́ gbá gbogbo èérún igi tó bọ́ sórí ẹní jọ, èyí tó dúdú àtèyí tó pọ́n, nítorí ara ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo tú gèlè mi, mo dì wọ́n sínú rẹ̀, mo ta á ní kókó, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wá dìde lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé mi padà, kí n lè bá ọmọ-ọmọ mi nílé kó tó ti ìlẹ̀kùn yàrá iwájú, kí n sọ tèmi fún un.